Kútẹ́ẹ̀sì Ìgbà Ìrúwé fún Ọwọ́ Tó Dúdú: Funfun Inú Rẹ̀ Ni Kó O Kọ́kọ́ Wò

Ìbéèrè: "Aǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà òtútù ti ń lọ níbi tí mo wà, ewé ti ń rú, mo sì fẹ́ kí ọwọ́ mi náà túra ká díẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń kun èékánná mi nílé. Mo ra pínǹkì fẹ́ẹ́rẹ́, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, torí àwọn ni gbogbo ènìyàn ń pè ní àwọ̀ ìgbà ìrúwé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti kùn ún tán, ńṣe ni ọwọ́ mi máa ń dà bí ọwọ́ ẹni tó ti ìka bọ ẹfun. Ó tún máa ń ní ìlà-ìlà. Mo dúdú dáadáa, èékánná mi ò sì gùn. Mo fẹ́ràn yẹ́lò gan-an, àmọ́ ó ba èékánná mi jẹ́ nígbà kan, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. Àwọn àwọ̀ wo ni kí n rà? Ṣé dandan ni kí ti ọwọ́ bá ti ẹsẹ̀ mu?"

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ, kútẹ́ẹ̀sì tó o rà náà ò sì bàjẹ́. Funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa lọ́dọọdún pé òun ni àwọ̀ ìgbà ìrúwé, àwọ̀ tí wọ́n bu funfun là ni, ara tó mọ́lẹ̀ ló sì rọrùn jù fún. Ìwọ ní tìrẹ, àwọ̀ tó mọ́ tó sì kún ni kó o máa wá. Ìyẹn gan-an ló ń mú ọwọ́ túra ká.

Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tó ń di awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí èékánná nínú kútẹ́ẹ̀sì ni nitrocellulose. Wọ́n ti yọ́ ọ sínú omi olóòórùn tó ń tètè fẹ́ lọ, ethyl acetate àti butyl acetate ló sì sábà máa ń jẹ́. Tí omi yẹn bá ti fẹ́ lọ tán, awọ náà á kù. Àwọ̀ tí ojú ń rí, láti inú ìyẹ̀fun pígímẹ́ǹtì tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ti ń wá. Láti sọ pupa di pínǹkì fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí láti sọ búlúù tó kún di búlúù ojú ọ̀run, ìyẹ̀fun funfun kan tó ń jẹ́ titanium dioxide ni wọ́n máa ń dà sí i. Bí àwọ̀ bá ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni funfun yẹn ń pọ̀ sí.

Ojú wa kì í dá àwọ̀ kan wò lóun nìkan, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló fi ń díwọ̀n rẹ̀. Fi pínǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ sí ọwọ́ ẹni tó pupa, á rọra jókòó síbẹ̀ torí pé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí àwọ̀ ara ẹni náà. Fi í sí ọwọ́ tìrẹ, àlàfo tó wà láàárín òun àti ara rẹ ti pọ̀ jù, funfun inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fò sójú, pínǹkì inú rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Ẹfun tó o rí nìyẹn. Kì í ṣe pé àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ léèwọ̀ fún ẹni tó dúdú o, mo máa padà sórí ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé òun kọ́ ló yẹ kó o fi bẹ̀rẹ̀.

Ìlà-ìlà tó ò ń rí, ọ̀dọ̀ funfun yẹn kan náà ló ti wá. Titanium dioxide wúwo, ó sì máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ tí ìgò bá dúró sójú kan pẹ́. Tó o bá ṣí i láì pò ó, tòkè á ṣàn bí omi, tìsàlẹ̀ á ki. Ó tún máa ń bo nǹkan gan-an, débi pé ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti tẹ̀ jù àti ibi tí kò ti tẹ̀ á yàtọ̀ síra kedere. Pupa lásán máa ń darí jì ọ́ tó o bá kùn ún báṣubàṣu. Pínǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ kì í darí ji ẹnikẹ́ni, títí kan àwa tí à ń fi iṣẹ́ yìí jẹun.

Èwo wá ni kó o rà? Ká ní ìgò kan ṣoṣo lowó rẹ tó rà, àwọ̀ iyùn ni màá ní kó o mú, ìyẹn àwọ̀ tó wà láàárín pupa àti àwọ̀ ọsàn, tí pínǹkì díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. N ò tíì rí ọwọ́ dúdú tí kò yẹ. Ó mọ́lẹ̀ tó láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òtútù ti lọ, síbẹ̀ ó kún tó láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ láì di funfun. Kì í sábà ní ìlà, èékánná kúkúrú sì bá a mu gan-an. Tó o bá fẹ́ èyí tó túbọ̀ dún, sún mọ́ àwọ̀ ọsàn. Tó o bá fẹ́ èyí tó o lè wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni yí ojú wò ọ́, sún mọ́ pupa.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni pínǹkì, pínǹkì tó kún fọ́fọ́, èyí tó fẹ́ẹ́ máa wọ inú àlùkò. Fi òun rọ́pò pínǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ìdílé kan náà ni wọ́n, àmọ́ èyí kò tíì mu funfun yó.

Ní ti búlúù, wá èyí tó wà láàárín búlúù àti àwọ̀ ewé, tó mọ́ bí omi òkun níbi tí kò ti jìn. Búlúù ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ ló máa ń fa wàhálà jù fún àwọ̀ ara tó dúdú, torí kì í pẹ́ tí á fi dà bí eérú. Búlúù tó sún mọ́ aró dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ló máa ń rán mi létí, fi í pa mọ́ di ìgbà mìíràn. Àwọ̀ ewé ńkọ́? Fi èyí fẹ́ẹ́rẹ́ tó o rà yẹn sílẹ̀ ná, kó o wá àwọ̀ ọ̀mùnú, ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tí yẹ́lò ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ yìí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, àwọn kan á ní ó ń bú lójú. Lójú tèmi, kò sí èyí tó jọ ìgbà ìrúwé tó o. Àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ náà ṣeé mú, bí pínǹkì inú rẹ̀ bá pọ̀ ju eérú inú rẹ̀ lọ.

Eérú yẹn ni kó o máa ṣọ́. Ọ̀pọ̀ àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní èyí tó "rọlẹ̀", dúdú díẹ̀ ni wọ́n fi kún funfun inú rẹ̀. Ó lè dára lórí aṣọ, ó sì lè dára lórí ògiri. Lórí èékánná ọwọ́ tó dúdú, ńṣe ló máa ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé ara ènìyàn ò yá.

Funfun gan-an sì ńkọ́, funfun láúláú tí kò dara pọ̀ mọ́ àwọ̀ kankan? Á yà ọ́ lẹ́nu pé ó máa ń yẹ ọwọ́ dúdú ju pínǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Kò díbọ́n pé òun jẹ́ nǹkan mìíràn, ìyàtọ̀ òun àti ara rẹ á wá di ọ̀ṣọ́. Àmọ́ kíkùn rẹ̀ le ju gbogbo èyí tí mo ti dárúkọ lọ, nítorí náà n ò ní fà á lé ẹni tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ lákọ̀ọ́kọ́.

Wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan káàkiri, pé kó o wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ: bó bá jọ àwọ̀ ewé, ra àwọ̀ báyìí, bó bá jọ búlúù, ra tọ̀hún. Lára ẹni tó dúdú dáadáa, iṣan náà kì í sábà hàn débi tí ojú á fi lè ṣèdájọ́ rẹ̀. Tó o bá fẹ́ mọ irú àwọ̀ tó bá ara rẹ mu dandan, gbé nǹkan tó pọ́n bíi wúrà àti nǹkan tó funfun bíi fàdákà sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ lẹ́bàá fèrèsé, kó o wo èyí tó jẹ́ kí ara rẹ dán. Bó bá jẹ́ wúrà, àwọ̀ iyùn tó sún mọ́ ọsàn àti yẹ́lò á tètè bá ọ mu. Bó bá jẹ́ fàdákà, pínǹkì tó kún àti búlúù. Bó bá jẹ́ méjèèjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn wà níbẹ̀. N kì í lo àkókò púpọ̀ lórí rẹ̀, torí bí àwọ̀ ṣe kún tó ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, iṣan kọ́.

Oríṣi kan tún wà tí àwọn tó ń kun èékánná nílé kì í rántí, ìyẹn kútẹ́ẹ̀sì tó ń fi abẹ́ rẹ̀ hàn, tó ní àwọ̀ ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Láyé àtijọ́, irú èyí ló wọ́pọ̀. Ọdún 1932 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Revlon sílẹ̀, kútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi pígímẹ́ǹtì ṣe dípò aró, tó bo èékánná pátápátá, ni wọ́n sì fi wọ ọjà. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi gbà pé kútẹ́ẹ̀sì gidi gbọ́dọ̀ bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pupa, pínǹkì tàbí àwọ̀ ọsàn tó ń fi abẹ́ hàn, tó o kùn lẹ́ẹ̀mejì, máa ń dára gan-an lọ́wọ́ dúdú, torí kò sí funfun púpọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Kì í ní ìlà. Tó bá bó níbì kan, kì í tètè hàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bá mú búrọ́ọ̀ṣì, òun gan-an ló yẹ.

Òun náà ló máa bá ọ gba àwọn ìgò mẹ́ta tó o ti rà là. Má jù wọ́n nù. Kun pínǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ kó gbẹ, kó o wá fi pínǹkì tàbí pupa tó ń fi abẹ́ hàn bo orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Funfun ìsàlẹ̀ á máa dá ìmọ́lẹ̀ padà, tòkè á fún un ní àwọ̀, àpapọ̀ wọn á sì mọ́ ju kí o lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún búlúù náà tó o bá rí búlúù tó ń fi abẹ́ hàn. Ti àwọ̀ ewé, fi yẹ́lò tó ń fi abẹ́ hàn lé e lórí, á sún mọ́ ọ̀mùnú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà kejì ni kó o má fi àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kun gbogbo èékánná: fi àwọ̀ tó kún kùn ún, kó o wá fi fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe orí èékánná nìkan, tàbí kó o fi ẹ̀yìn pín-ìnnì irun tó ní orí róbótó tò ó sí i ní tó-tò-tó. Bó bá kéré báyìí, funfun rẹ̀ á di ohun ọ̀ṣọ́.

Kó o tó náwó sórí tuntun, mọ̀ pé ìgò máa ń tan ni jẹ. Kútẹ́ẹ̀sì inú ìgò nípọn, torí náà èyí tó ń fi abẹ́ hàn máa ń dà bí ẹni pé ó kún ju bó ṣe máa rí lọ́wọ́ rẹ. Iná ṣọ́ọ̀bù náà ń dá sí i: iná tó pọ́n máa ń fi yẹ́lò kún àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, á wá dà bíi pé kò ní ẹfun nínú. Gbé ìgò náà lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé. Má fi wé àtẹ́lẹwọ́ rẹ, ẹ̀yìn ìka ni kó o gbé e lé, níbi tí àwọ̀ ara rẹ ti dúdú gidi. Na ọwọ́ síwájú, di ojú rẹ pọ̀ díẹ̀, kó o tún wò ó. Bí àwọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn bá jẹ́ "funfun" kí o tó sọ pé "pínǹkì" tàbí "búlúù", dá a padà sórí pẹpẹ. Nílé, ra èékánná oníke tí kò láwọ̀, kun kútẹ́ẹ̀sì sí i lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́ kó gbẹ, kó o gbé e lé orí èékánná tìrẹ. Tó o bá kọ orúkọ ìgò sẹ́yìn oníke náà, wàá ní àkójọ tó o lè máa yẹ̀ wò nígbàkúùgbà láì tún kun ohunkóhun.

Ó kù síbi yẹ́lò, tó o ní ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́.

Kò ba èékánná rẹ jẹ́. Ńṣe ló pa á láró. Ara èékánná máa ń fa nǹkan mu, àwọ̀ inú yẹ́lò, pupa àti àwọn tó kún gan-an sì lè wọ inú ìpele òkè rẹ̀, pàápàá tó o bá kùn ún sórí èékánná lásán tó o sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Àbàwọ́n yẹn kì í dunni, kì í sì í jìn. Má fi fáìlì èékánná họ ọ́ kúrò, nítorí ìyẹn ló máa wá ba èékánná jẹ́ ní tòótọ́. Èékánná ọwọ́ máa ń gùn tó mìlímítà 3 lóṣù, nítorí náà nǹkan bí oṣù 6 ni gbogbo rẹ̀ fi ń jáde di tuntun, ìwọ náà á sì máa gé àbàwọ́n yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀. Àyàfi tí èékánná náà bá ń nípọn, tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ tàbí tó ń ṣí kúrò lára ẹran abẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kútẹ́ẹ̀sì mọ́, dókítà ni kó o fi hàn.

Ohun tó ń dáàbò bo èékánná ni béèsì, kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ tí a kọ́kọ́ ń fi sábẹ́. Fún yẹ́lò, kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ dáadáa kó o tó kun èkejì. Má fi yẹ́lò sílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ní ti irú yẹ́lò tí wàá rà, sá fún èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ bíi bọ́tà, torí ìlà ni gbogbo ayé rẹ̀. Èyí tó jọ pupa ẹyin, tí àwọ̀ ọsàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀, máa ń bo èékánná dáadáa, ó sì máa ń tàn lára ẹni tó dúdú lọ́nà tí kì í gbà tàn lára ẹlòmíràn. Ká sòótọ́, èyí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àwọ̀ tí àwa adúláwọ̀ fi ju àwọn tó kù lọ, kò sì yẹ kí ẹ̀rù àbàwọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Tí yẹ́lò náà bá jẹ́ irú èyí tó ń tàn yòò bí iná, kun funfun lẹ́ẹ̀kan sábẹ́ rẹ̀, torí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í bo nǹkan, kì í sì í fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn láìsí funfun lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa ń gbẹ láì dán, má sì jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà ọ́, tọ́ọ̀pù, ìyẹn kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ tí a fi ń parí rẹ̀ lókè, ló máa dá dídán rẹ̀ padà. Oòrùn máa ń mú kí ó ṣá, nítorí náà má tọ́jú ìgò rẹ̀ sójú fèrèsé.

Ní ti kíkùn rẹ̀, ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ kò pọ̀. Rírì èékánná sómi kọ́ ni ìgbáradì. Bó o bá ṣe bẹ́ẹ̀, á mu omi, á wú díẹ̀. Tó bá wá gbẹ tó sì sún kì, kútẹ́ẹ̀sì orí rẹ̀ á ya. Wẹ̀ tàbí fọ nǹkan tó o fẹ́ fọ̀ ṣáájú, fi aṣọ rọra ti awọ ìdí èékánná sẹ́yìn nígbà tó ṣì rọ̀, kó o má sì gé e, torí òun ló ń dí ọ̀nà mọ́ kòkòrò àrùn. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ọwọ́ gbẹ pátá. Fi òwú tó o rì sínú acetone, omi tí a fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò, nu orí èékánná, kódà bí kò bá sí kútẹ́ẹ̀sì kankan níbẹ̀, kí òróró ara lè kúrò. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí ló sábà máa ń ya kútẹ́ẹ̀sì tó pé ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó bó lọ́jọ́ kejì.

Má gbọn ìgò jìgìjìgì, ìfófòó ni wàá kó sínú rẹ̀. Fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i sọ́tùn-ún sósì títí tí tìsàlẹ̀ á fi dara pọ̀ mọ́ tòkè. Bọ́ọ̀lù irin kékeré tó ń dún nínú àwọn ìgò kan, iṣẹ́ yìí ló wà fún. Lẹ́yìn béèsì, kun àwọ̀ ní ipele tẹ́ẹ́rẹ́: búrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan láàárín, lẹ́ẹ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ipele àkọ́kọ́ àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń burú lójú. Jẹ́ kó burú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé wọ́n á padà lọ tún un fọwọ́ kàn nígbà tó ti ń gbẹ lọ, búrọ́ọ̀ṣì á wá fa èyí tó ti fẹ́ẹ́ gbẹ ya, ìlà mìíràn á tún yọ. Dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 sí 5, kó o kun ìkejì. Àwọ̀ iyùn lè dúró síbẹ̀, àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sì lè béèrè ìkẹta. Ipele mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́ sàn ju ọ̀kan tó nípọn lọ, torí èyí tó nípọn máa ń gbẹ lókè kó sì tutù nísàlẹ̀, aṣọ ìbora rẹ á sì fi ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lóru.

Tọ́ọ̀pù ló kẹ́yìn, kò sì yẹ kó o fi í sílẹ̀ rárá lórí àwọ̀ tó kún. Yàtọ̀ sí pé ó ń dáàbò bò ó, dídán rẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwọ̀ jinlẹ̀ sí i lójú. Nítorí náà, tọ́ọ̀pù tí kì í dán kò bá ohun tó ò ń wá mu, á tún dá ẹfun náà padà. Fi búrọ́ọ̀ṣì fa tọ́ọ̀pù dé etí èékánná níwájú, nítorí ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ bó. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kun tọ́ọ̀pù mìíràn lé e. Yàgò fún omi gbígbóná fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tó o parí. Ṣí fèrèsé nígbà tó o bá ń ṣe gbogbo èyí, má sì ṣe é nítòsí iná, torí acetone àti omi inú kútẹ́ẹ̀sì ń gbaná kíákíá. Tí ìgò bá ti ki jù, má da acetone sí i. Omi ìfinṣàn kútẹ́ẹ̀sì wà, tó jẹ́ irú omi tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta ti tó.

O ò béèrè nípa jẹ́ẹ̀lì, kútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń fi iná àkànṣe mú gan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan á dárúkọ rẹ̀ fún ọ. Fún ẹni tó fẹ́ máa pààrọ̀ àwọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kútẹ́ẹ̀sì lásán ló dára. Jẹ́ẹ̀lì tí iná ò bá mú gan tán, tó sì kan ara, lè fa àlẹ́jì awọ ara tí kì í lọ mọ́ láyé ẹni. HEMA ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó sábà ń fà á, nílẹ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì rèé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára jẹ́ẹ̀lì tó ní in pé àwọn tó fi ṣe iṣẹ́ nìkan ló wà fún. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n tún fòfin de TPO níbẹ̀, èròjà kan tó ń jẹ́ kí jẹ́ẹ̀lì gan lábẹ́ iná. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Èékánná rẹ kúrú, o sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Àwọ̀ tó kún máa ń dára lórí èékánná kúkúrú ju orí èyí tó gùn lọ, torí kì í pariwo jù níbẹ̀. Fi àlàfo tín-ín-rín sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, má jẹ́ kí kútẹ́ẹ̀sì kan awọ, èékánná á sì dà bí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn díẹ̀ sí i. Tó o bá fẹ́ lo ju àwọ̀ kan lọ, má kọjá mẹ́ta, kó o sì jẹ́ kí wọ́n kún bákan náà: àwọ̀ iyùn, pínǹkì tó kún àti yẹ́lò pupa ẹyin máa ń rìn pọ̀ dáadáa. Tàbí kí o fi búlúù omi òkun kun mẹ́jọ, kó o fi àwọ̀ iyùn sí ìka òrùka méjèèjì. Bí ọ̀kan bá kún tí èkejì sì ní ẹfun, ojú á rò pé kútẹ́ẹ̀sì tán nínú ìgò ni.

Ti ẹsẹ̀, kò sí dandan kankan. Ohun tí mo máa ń wò ni pé kí wọ́n kún dọ́gba, kì í ṣe pé kí wọ́n jẹ́ àwọ̀ kan náà: iyùn lọ́wọ́, búlúù omi òkun lẹ́sẹ̀, ó ti dára. Èékánná ẹsẹ̀ kì í tètè hù bíi ti ọwọ́, iṣẹ́ ilé kì í sì í bá a jà, kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ á pẹ́ ju ti ọwọ́ lọ dáadáa, nítorí náà àwọ̀ tí kò ní tètè sú ọ ni kó o fi sí i. Yẹ́lò nìkan ni n kò ní fi síbẹ̀, torí pípẹ́ rẹ̀ yẹn kan náà. Tó bá sì jẹ́ bàtà tó bo ẹsẹ̀ lo ṣì ń wọ̀ jáde, jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi ná títí ooru á fi dé.